Ẹni Tó Kó Wúrà Ni Kó Dí Kòtò

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, nítorí inú ń bí mi. Ìròyìn tí ẹ gbé jáde lẹ́yìn ayẹyẹ òmìnira ló fà á, èyí tí àwọn aláṣẹ ti ń sọ pé kùsà ni yóò rọ́pò epo rọ̀bì, pé wúrà àti àwọn ohun àlùmọ́ọ́nì yòókù ni yóò gbé Nàìjíríà dìde. Mo kà á tán, mo tún un kà, mo rò pé ojú mi ló fo gbólóhùn kan. Kò sí ọ̀rọ̀ kòtò níbẹ̀ rárá. Ẹnì kankan ò sọ ẹni tí yóò dí èyí tí wọ́n ti gbẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Àtàkúmọ̀sà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá mọ ohun tí mò ń sọ. Kòtò kan wà lẹ́yìn oko kòkó ìdílé wa. Àwọn tó gbẹ́ ẹ gbé katapílà wá, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi wá, wọ́n fọ iyẹ̀pẹ̀ títí wọ́n fi rí ohun tí wọ́n ń wá, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Gbòǹgbò kòkó tó yẹ kó wà nínú ilẹ̀ ló ń fì dirodiro létí kòtò báyìí, bí òjò ńlá bá sì rọ̀, igi mìíràn á tún ya bọ́ sínú omi. Odò kékeré tó wà nísàlẹ̀, tí àwọn obìnrin wa máa ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí láti fi ṣe fùfú, ti di omi pupa. Fùfú tí wọ́n bá fi omi yẹn ṣe kì í funfun mọ́. Oníbàárà á wò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́jà, á kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ta la máa wá lọ bá? Ìjọba ìbílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ ni, ìpínlẹ̀ ní ọ̀rọ̀ Àbúja ni, Àbúja ò mọ̀ pé a wà láyé.

Ẹni tó kó wúrà ni kó dí kòtò. Mi ò mọ ohun tó le nínú ìyẹn.

Òfin kúkú wà. Ìwé òfin ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ kùsà sábẹ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Òfin ìwakùsà ọdún 2007 náà sọ pé gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì tó bá wà nínú ilẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ìyẹn ni pé bí baba baba rẹ bá ti ń dáko níbẹ̀ kí wọ́n tó bí Nàìjíríà pàápàá, igi kòkó ni tìrẹ, ohun tó wà lábẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ kì í ṣe tìrẹ. Ó dáa, a ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun ló ni wúrà, òun náà ló ni ihò tí wúrà ti jáde. Nínú òfin 2007 yìí kan náà, abala 121, wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀ fún ààbò àyíká àti àtúnṣe ilẹ̀, kí àwọn tó gba ìwé àṣẹ ìwakùsà máa dáwó sí i, kí ilé-iṣẹ́ tó bá kó ẹrù rẹ̀ sá lọ lálẹ́ má baà fi gbèsè sílẹ̀ fún ará abúlé. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n ti kọ ọ́. Owó náà dà? Èló ni? Ta ló ń fọwọ́ sí i kí wọ́n tó ná an? Kòtò wo ni wọ́n ti fi dí ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà? Mo bi ọ̀kan nínú àwọn òṣèlú wa léèrè níbi òkú àgbà kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká jẹun ná.”

Àwọn kan á ní òyìnbó ló bẹ̀rẹ̀ ẹ. Wọn ò parọ́. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba àkóso lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1900, wọ́n san £865,000 fún un, wọ́n sì tún ṣèlérí pé fún ọdún 99, ìdajì owó tí ìjọba bá ń gbà lórí kùsà ní apá kan ilẹ̀ Òkè Ọya yóò máa jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ náà. Wọn ò tíì máa kó tíìnì Jọ́ọ̀sì lọ sílùú wọn nígbà yẹn, wọ́n ti pín èrè rẹ̀. Kòtò nìkan ni wọn ò pín. Ẹni tó bá ti dé Bùkúrù tàbí Barkin Ladi lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì ti rí ìpín tiwa: adágún omi lọ́tùn-ún, adágún omi lósì, òkìtì iyẹ̀pẹ̀ láàárín wọn. Wọ́n dí díẹ̀ lóòótọ́, wọ́n gbin igi yukalíptọ́ọ̀sì sórí rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù ṣì ń la ẹnu sílẹ̀. Ní October 1, 1960, wọ́n fà àsíá wọn wálẹ̀, a ta tiwa sókè, a jó, a yọ̀, a ò sì bi wọ́n pé ta ni yóò san owó ìdíkòtò. Òfin àtijọ́ ní ọba Gẹ̀ẹ́sì ló ni kùsà. A yọ orúkọ ọba kúrò, a fi ti ìjọba àpapọ̀ sí i, ó parí.

Àwọn mìíràn bèèrè o. Nauru, erékùṣù kan nínú òkun Pàsífíìkì, gbogbo ilẹ̀ wọn kò ju kìlómítà onígun mẹ́rin 21 lọ. Ọsirélíà, Bìrìtìkó àti New Zealand ń wa fósífétì inú rẹ̀, wọ́n ń fi ṣe ajílẹ̀ fún oko tiwọn, títí ó fi ku etí òkun nìkan fún àwọn onílẹ̀ láti gbé. Kí wọ́n tó gba òmìnira ní January 31, 1968, wọ́n ní láti gbà láti san mílíọ̀nù 21 dọ́là Ọsirélíà kí kùsà ilẹ̀ bàbá wọn tó lè di tiwọn. Ẹ gbọ́ ìyẹn ná. Ṣùgbọ́n wọn ò gbàgbé kòtò. Ní 1989 wọ́n gbé Ọsirélíà lọ sílé ẹjọ́ àgbáyé ní Hague. Ilé ẹjọ́ ní òun lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ náà, Ọsirélíà sì yanjú ọ̀rọ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí ní 1993, wọ́n gbà láti san mílíọ̀nù 107 dọ́là. Ibi tó wá ń dẹ́rù bà mí nínú ìtàn yìí ni pé àwọn aṣáájú Nauru fúnra wọn ti ná owó fósífétì tí wọ́n rí lẹ́yìn òmìnira ní ìnákúnàá, èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ kò sì tíì ṣeé gbé títí di òní. Òyìnbó sanwó, kòtò ò dí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wo àwọn ọmọ wa tó ń pariwo pé kí Yorùbá dá dúró. Mi ò ní kí wọ́n pariwo, mi ò ní kí wọ́n dákẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá gba òmìnira tiwọn, kòtò Ìjẹ̀ṣà á wà nínú ogún náà. Ta ni yóò gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ Àbúja? Mi ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kankan nínú wọn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kòtò ò pa èèyàn. Ní Zamfara ní 2010, òjé inú òkúta wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400. Abúlé Bagega dúró de mílíọ̀nù 850 náírà tí wọ́n fẹ́ fi fọ ilẹ̀ wọn títí di 2013 kí ìjọba tó tú u sílẹ̀, àwọn ọmọ sì ń fi ọwọ́ gbá erùpẹ̀ náà ní gbogbo àkókò yẹn. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Odò Ọ̀ṣun tí aráyé ń wá láti Brazil àti Cuba wá wò, tí UNESCO, àjọ tó ń rí sí àṣà lágbàáyé, kọ igbó rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005, àwọ̀ rẹ̀ yí padà títí wọ́n fi kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn nígbà ọdún Ọ̀ṣun 2022 pé kí wọ́n má mu omi rẹ̀. Ẹni tó kó wúrà ni kó dí kòtò, kó sì fọ odò.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe nìyí. Kí katapílà tó fọwọ́ kan ilẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ ti kó owó ìdíkòtò sílẹ̀ ní báńkì, owó gidi, kì í ṣe ìwé ìlérí. Kí àpò owó ti ibi ìwakùsà kọ̀ọ̀kan dá dúró, kó má baà pòórá sínú àpò ńlá ní Àbúja. Èèyàn mẹ́ta ni kó máa fọwọ́ sí i: ẹnì kan láti iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó kùsà, ẹnì kan láti báńkì, ẹnì kan tí àwọn ará ìlú fúnra wọn yàn, kí ìyẹn má sì jẹ́ ọmọ òṣèlú. Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí wọ́n lẹ iye tó wà níbẹ̀ mọ́ ara ògiri ọjà àti ẹnu ọ̀nà ààfin, ní èdè Yorùbá, kí ìyá oníṣu lè kà á tàbí kí ọmọ rẹ̀ kà á fún un. Bí ilé-iṣẹ́ bá dí kòtò kan, kí wọ́n dá ìpín tó kan kòtò náà padà fún un, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó ń pọn odò ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ sọ pé omi ti mọ́. Bí wọ́n bá kọ̀ tí wọn ò dí i, kí ìlú fi owó náà háyà katapílà tiwọn. Ẹni tó bá sì ní kòtò kan tí kò tíì dí nílẹ̀, kí wọ́n má fún un níwèé àṣẹ tuntun níbikíbi ní Nàìjíríà.

Ti àwọn kòtò àtijọ́, kí ìjọba yọ ọ́ nínú owó tí ó ń gbà lórí kùsà. Ti àwọn tó ń wà á láìgbàṣẹ, katapílà kì í ṣe abẹ́rẹ́ tí èèyàn ń fi pamọ́; kí ọ̀gá ìjọba tó wà lágbègbè náà fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé bó ṣe kọjá lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin olóòtú, iṣẹ́ kan ṣẹ́kù tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ kọ̀wé sí àwọn tó wà lórí ọ̀rọ̀ kùsà ní Àbúja, kí ẹ bi wọ́n léèrè iye tó wà nínú àpò abala 121 yẹn lónìí àti orúkọ abúlé tí wọ́n ti ná an sí. Ẹ tẹ èsì wọn jáde. Bí wọn ò bá fèsì, ẹ tẹ ìyẹn náà jáde, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Iléṣà