Ohun tí àbúrò rẹ yóò máa jẹ ní Bangi

Bangi, Selangor,
Màléṣíà.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni ilé wà? Àwọn Táyé àti Kẹ́hìndé ńkọ́? Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo gbọ́ pé yunifásítì UKM ti gba àbúrò rẹ wọlé. Àmọ́ ìbéèrè rẹ pa mí lẹ́rìn-ín. O ò béèrè ibi tí ọmọ náà yóò sùn, o ò béèrè iye tí wọ́n ń san fún ilé. "Kí ni yóò máa jẹ?" ni tìrẹ.

Fọkàn balẹ̀. Ẹni tó bá ní ríńgìtì mẹ́wàá, owó ibí, lápò kì í fi ebi sùn níbí. Jẹ́ kí n kúkú sọ ti lok-lok fún ọ, ìpápánu orí igi tí èèyàn ń bọ̀ fúnra rẹ̀, torí àwọn ọ̀rẹ́ tuntun ló máa kọ́kọ́ fà á lọ síbẹ̀, ibẹ̀ náà ni owó rẹ̀ sì ti lè sọnù láìmọ̀.

Inú ọkọ̀ kékeré ni wọ́n ti ń tà á. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, olówò á wa ọkọ̀ rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ títì tàbí sí ọjà alẹ́ tí wọ́n ń pè ní pasar malam, á ṣí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà, á tan iná. Gbogbo nǹkan ló ti wà lórí igi tín-ín-rín: ẹja lílọ̀ tí wọ́n ṣù rogodo, ẹyin àparò, sọ́séèjì, olú, wàrà sọ́yà, ilá odidi tí wọ́n ki ẹja lílọ̀ sí nínú. Ìkòkò omi ọbẹ̀ ń hó níwájú. Ìwọ fúnra rẹ lo máa mú igi tó wù ọ́, wàá rì í bọ inú omi náà, wàá dúró tì í títí yóò fi jinná. Ẹja rogodo yẹn máa ń léfòó tó bá ti jinná. Ẹni tí kò bá fẹ́ bíbọ̀, wọ́n lè bá a dín in. Orí ìdúró ni ọ̀pọ̀ ti ń jẹ ẹ́, àwọn míì á fa àga oníke kékeré.

Abọ́ ńlá ni ọbẹ̀ tí wọ́n ń fi jẹ ẹ́ wà: ti ẹ̀pà, ti ata tó ládùn díẹ̀, àti dúdú kan tó ki. Kó fi ṣíbí bù ú sínú àwo ara rẹ̀ o! Kó má ti igi tó ti fẹnu kàn bọ inú abọ́ gbogbo ayé. Ojú tí olówò máa fi wò ó, kò ní fẹ́ kí wọ́n tún fi wo òun mọ́.

Ó wá ku ti owó. Wọ́n máa ń fi ọ̀dà kun ìdí igi. Pupa lè jẹ́ ríńgìtì kan, àwọ̀ ewé ríńgìtì kan àbọ̀, búlúù ríńgìtì méjì. Ètò olówò kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Ẹ̀yìn tí o bá jẹun tán ni wọ́n tó máa ka igi òfìfo tó wà níwájú rẹ. Ríńgìtì kan kò jọ nǹkan kan lójú. Èèyàn á mú ọ̀kan, á mú èkejì, ẹnu ń dùn, ọ̀rẹ́ ń ṣẹ̀fẹ̀, kó tó mọ̀, igi ti di òkìtì, owó ìrẹsì àti adìyẹ ọjọ́ méjì ti wọgbó. Kó kọ́kọ́ jẹ ìrẹsì rẹ̀ yó kó tó jáde, kó wá fi lok-lok panu. Kó sì máa wo ìdí igi kó tó wo orí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé Alhaji yóò béèrè. Àwọn ará Ṣáínà ló ni oúnjẹ yìí níbẹ̀rẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ sì lè wà nínú ti àwọn kan. Ṣùgbọ́n àwọn Malay náà ti ń tà á báyìí, Mùsùlùmí sì pọ̀ ní Bangi. Kó wá ibi tí wọ́n kọ halal sí. Ohun kan tí mi ò fẹ́ kó fọwọ́ kàn ni kerang, ìkarahun etí òkun tí àwọn ará ibí máa ń rì bọ omi fìrí tí wọ́n á sì jẹ ẹ́ tòun tẹ̀jẹ̀. Tó bá wù ú dandan, kó jẹ́ kó hó.

Èmi o, satay, ẹran orí igi tí wọ́n ń sun, ni tèmi. Ìlú Kajang ló lórúkọ jù fún un, ọkọ̀ ojú irin Komuter sì ń ti UKM lọ síbẹ̀, kò jìnnà. Tí o bá rí i lórí èédú, tí abẹ̀bẹ̀ ń fẹ́ ẹ, súyà ni wàá pè é. Tọ́ ọ wò, ọ̀rọ̀ á yí padà. Atalẹ̀ pupa, ewé tíì àti ṣúgà ni wọ́n fi ń rẹ ẹran náà. Ṣúgà, Ìyá Ìbejì! Màmá rẹ máa ní kí wọ́n gbé e padà. Adìyẹ wà, màlúù wà, ehoro pàápàá wà. Wọ́n á fún ọ ní ọbẹ̀ ẹ̀pà, wọ́n á gbé ata lílọ̀ sọ́tọ̀ kí o lè pò ó bó ṣe wù ọ́, pẹ̀lú kùkúmbà, àlùbọ́sà tútù àti ìrẹsì tí wọ́n tẹ̀ mọ́ra tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́. Ata yẹn ló gba oúnjẹ náà là fún èmi. Ìgbà tí owó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni kó máa lọ síbẹ̀ o, torí kò sẹ́ni tó ń jẹ igi méjì péré kó dìde.

Sọ fún un kó máa pe ọkùnrin tó bá ń tajà ní abang, obìnrin ní kak, kó sì máa fi ọwọ́ ọ̀tún nawọ́ owó. Ọmọ tí ẹ tọ́ ni, ìyẹn ò ní ṣòro fún un.

Kó bá mi di yájì wá, kó wé e dáadáa kó má tú sáàárín aṣọ. Fi ọjọ́ tí bàálù rẹ̀ máa balẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n lè lọ pàdé rẹ̀. Bá mi kí bàbá àwọn Ìbejì.

Èmi ni tìrẹ,
Àbẹ̀kẹ́