Ẹ Jẹ́ Kí Á Fòpin sí Owó tí À Ń San Kí Á Tó Fojú Rí Ilé Tàbí Iṣẹ́

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ takuntakun. Mo ti ka oríṣiríṣi ìròyìn nípa àwọn tí wọ́n fi ìpolówó orí íńtánẹ́ẹ̀tì lù ní jìbìtì nígbà tí wọ́n ń wá ilé tàbí iṣẹ́, mo sì kíyè sí i pé ìmọ̀ràn kan náà ni wọ́n sábà máa ń fi kádìí rẹ̀, pé kí àwọn ọ̀dọ́ jáwọ́ nínú ojúkòkòrò. Èmi kò gbà pé ojúkòkòrò ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó ń wá yàrá kan tí ó ní ilé ìwẹ̀ tirẹ̀ kò ṣe ojúkòkòrò kankan. Ibi tí yóò sùn ni ó ń wá. Ohun tí ó ń ṣe wá ní ìjàǹbá ni pé àwa fúnra wa ti sọ ọ́ di àṣà pé kí ènìyàn máa san owó kékeré kan kí ó tó fojú kan ohun tí ó ń wá, inú àṣà yìí gan-an ni àwọn oníjìbìtì sì lúgọ sí.

Onílé ni mí ní agbègbè Aule ní Àkúrẹ́, níbi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, ń gbé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣú, ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá ní ẹnu géètì mi, pẹ̀lú mátírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ká tí wọ́n sì fi okùn dì, sítóòfù gáàsì kékeré kan, àti àwọn ẹrù mìíràn. Ìyá náà kúnlẹ̀ kí mi, ó ní àwọn ti dé, kí n jọ̀ọ́ fún àwọn ní kọ́kọ́rọ́. Mo bi í pé kọ́kọ́rọ́ wo. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó sì fi ilé mi hàn mí, tòun ti àwọ̀ géètì àti igi máńgòrò tí ó wà níwájú rẹ̀, pẹ̀lú rìsíìtì kan tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe dáradára. Wọ́n ti san owó ínsípẹ́kṣọ̀n, ìyẹn owó tí wọ́n ń gbà kí wọ́n tó fi ilé han ènìyàn, wọ́n ti san owó tí wọ́n ní àwọn yóò fi bá wọn di yàrá náà mú kí ẹlòmíràn má baà gbà á, wọ́n sì ti san ìdajì owó ilé ọdún kan. Nígbà tí mo wo fọ́tò inú yàrá náà, mo rí i pé ihò tí a ń ki wáyà iná bọ̀ lára ògiri rẹ̀ jẹ́ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí ó dúró lórí ihò róbótó kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ihò onígun mẹ́rin mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ lára ògiri tiwa ní Nàìjíríà. Oníjìbìtì tí ó gba owó wọn dúró lójú títì ya fọ́tò ìta ilé mi, ó sì lọ wá yàrá onílé òkè òkun kan lẹ̀ mọ́ ọn.

Ohun tí ìyá náà sọ ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ní kí àwọn tó bá ọ̀gbẹ́ni yẹn pàdé lórí Facebook, àwọn ti san owó ínsípẹ́kṣọ̀n fún àjẹ́ńtì gidi, ẹni tí ó ní ọ́fíìsì tí ènìyàn lè wọ̀, tí ó gbé wọn yí ìlú ká lọ wo àwọn yàrá tí ẹlòmíràn ti gbà, tí kò sì dá kọ́bọ̀ padà. Nítorí náà, nígbà tí oníjìbìtì béèrè irú owó yẹn kan náà, kò ṣe àjèjì létí wọn. Mo fẹ́ kí àwọn àjẹ́ńtì tí ó jẹ́ olóòótọ́ ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Èmi kò bá wọn jà lórí owó àgírímẹ́ńtì àti kọmíṣọ̀n, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sábà máa ń jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wọ àwọn ayálégbé lọ́rùn, nítorí pé ẹni tí ó san án ti wọ inú yàrá, ó ti ṣí fèrèsé, ó ti yí ẹ̀rọ omi wò. Owó tí a ń gbà kí ènìyàn tó rí nǹkankan ni mo ń sọ. Bí gbogbo àjẹ́ńtì Àkúrẹ́ bá jáwọ́ nínú rẹ̀ lónìí, ẹni tí ó bá tún béèrè irú rẹ̀ lọ́la, gbogbo ayé ni yóò mọ̀ pé olè ni.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kò yàtọ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti ń ra fọ́ọ̀mù ní orílẹ̀-èdè yìí, débi pé a kì í béèrè mọ́ pé kí ni a ń rà. Nígbà tí àjọ tí ó ń rí sí ìwọlé àti ìjáde lórílẹ̀-èdè yìí pe àwọn tí ó ń wá iṣẹ́ jọ sí àwọn pápá ìṣeré ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2014, tí ó ju ènìyàn mẹ́wàá lọ sì kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀, ikú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ni gbogbo wa rántí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí á gbàgbé pé 1,000 náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn kí orúkọ rẹ̀ tó wọ̀wé. Bí ìjọba fúnra rẹ̀ bá lè gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò níṣẹ́, báwo ni ọmọ tí ó ń ka ìpolówó lórí fóònù rẹ̀ yóò ṣe mọ̀ pé owó fọ́ọ̀mù tí ẹnì kan ń béèrè lórí WhatsApp kò tọ̀nà?

Bí wọ́n sì ṣe máa ń ṣe é kò nira láti mọ̀. Ìpolówó náà yóò sọ pé ilé-iṣẹ́ ńlá kan ń wá akọ̀wé, òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí tàbí ẹni tí yóò máa tẹ nǹkan sórí kọ̀ǹpútà láti inú ilé. Owó oṣù rẹ̀ yóò ju ti olùkọ́ lọ dáadáa, wọn kò sì ní béèrè ìrírí kankan. Ẹni tí ó bá kọ̀wé sí wọn yóò gba lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Lẹ́yìn náà ni owó yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde díẹ̀díẹ̀: owó fọ́ọ̀mù, owó àyẹ̀wò ara, owó aṣọ iṣẹ́, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Wọn kì í béèrè gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó bá ti san ti àkọ́kọ́ yóò san ti ẹlẹ́ẹ̀kejì kí ti àkọ́kọ́ má baà ṣòfò. Irú mìíràn tún wà tí wọn kò ní gba owó rárá, ṣùgbọ́n tí fọ́ọ̀mù wọn yóò béèrè nọ́ńbà ara káàdì ATM, tí wọn yóò sì ní kí o ka nọ́ńbà tí báńkì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ fún àwọn. Kò sí agbanisíṣẹ́ kan tí ó nílò nọ́ńbà yẹn láti san owó oṣù fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi owó sí àkáǹtì rẹ, nọ́ńbà àkáǹtì oní-díjíìtì mẹ́wàá àti orúkọ báńkì rẹ ti tó o.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ń bá jù ni àwọn tí àkókò ń lé. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ìgbàwọlé sí FUTA láti ìpínlẹ̀ mìíràn kò lè wá sí Àkúrẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta nítorí yàrá, pàápàá pẹ̀lú owó ọkọ̀ òde òní. Bákan náà ni àwọn àgùnbánirọ̀ tí wọ́n bá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ibùdó wọn ní Ìkàrẹ́ Àkókó, tí wọ́n á gba ìwé ibi iṣẹ́ wọn ní òpin rẹ̀, tí wọ́n á sì ní láti wá ilé kíákíá ní ìlú tí wọn kò dé rí. Ẹni tí ilẹ̀ ń ṣú mọ́ lójú ọ̀nà kì í béèrè ìbéèrè púpọ̀.

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí wọ́n máa béèrè ṣáá, ó sì lágbára ju gbogbo èyí tí ó kù lọ: orúkọ ta ni ó wà lórí àkáǹtì náà? Nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù ní Nàìjíríà, orúkọ ẹni tí ó ni àkáǹtì yóò hàn kí ó tó tẹ ìtẹ̀ ìkẹyìn. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC lè ṣí àkáǹtì ní orúkọ ara rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ pé ilé-iṣẹ́ kan ni ó ń gba owó, tí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo tí o kò mọ̀ rí sì yọ, kí o dáwọ́ dúró. Wọn yóò sọ pé akáwó wọn ni, tàbí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń da ti ilé-iṣẹ́ láàmú. Jẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà dára kí o tó san. Ènìyàn lè wá orúkọ ilé-iṣẹ́ náà wò lórí ojú ewé CAC láìsan kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n kí á má ṣe fi ìyẹn nìkan ṣe ẹ̀rí, nítorí pé àwọn mìíràn máa ń jí orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní ti gidi lò, àwọn mìíràn sì forúkọ sílẹ̀ lóòótọ́ kí wọ́n lè rí ìwé fi tan ènìyàn.

Ní ti ilé, kò sí ohun tí ó dà bíi kí ènìyàn fẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀ ní ọ̀sán gangan, tàbí kí ó rán ìbátan tàbí ọmọ ìjọ kan tí ó wà ní Àkúrẹ́. Kí ó má ṣe bá àjẹ́ńtì nìkan sọ̀rọ̀. Kí ó kan ilẹ̀kùn yàrá tí ó tẹ̀ lé e, kí ó bi àwọn ayálégbé léèrè ta ni wọ́n ń san owó fún, kí ó sì béèrè alága àwọn onílé àdúgbò, nítorí pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí òpópónà kan ní Aule, Ijoka tàbí ojúnà Ọ̀dà tí kò ní ẹgbẹ́ onílé. Ìwé tí ó máa ń jáde nígbà tí a bá ra iná BEDC sí mítà náà máa ń gbé orúkọ àti àdírẹ́sì jáde, èyí tún lè ràn án lọ́wọ́, àfi pé orúkọ bàbá tí ó ti kú ni ó ṣì wà lórí mítà ọ̀pọ̀ ilé wa. Fọ́tò pàápàá ṣe é yẹ̀ wò: bí a bá gbé e sínú Google Lens, ó lè fi hàn wá pé yàrá kan náà ni wọ́n ti polówó rẹ̀ ní Ìbàdàn, ní Èkó àti ní ìlú òyìnbó.

Èyí tí ó dùn mí jù ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ó bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn ènìyàn yìí kì í sọ̀rọ̀ síta. Ojú ń tì wọ́n. Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, ó sì fẹ́ padà sílé láìdé àgọ́ ọlọ́pàá. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó ṣáájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n báwo ni ará ẹ̀yìn yóò ṣe gbọ́n bí ẹni tí ó jìn bá dákẹ́ sínú kòtò náà? Tiránsífà kì í pẹ́ kó tó dé, olè náà sì lè ti wà lọ́dọ̀ oní-POS kan kí ìṣẹ́jú mélòó kan tó kọjá, nítorí náà báńkì ẹni ni ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ pè lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n lè bá báńkì kejì sọ̀rọ̀ láti di ohun tí ó bá ṣẹ́kù mú. Lẹ́yìn èyí ni kí ó lọ fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá tàbí EFCC, pẹ̀lú ẹ̀rí gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ lórí WhatsApp. Kí ó má pa wọ́n rẹ́ nítorí ìbínú. Òfin tí a ṣe ní ọdún 2006 lórí irú jìbìtì báyìí kò ṣeré rárá: ẹni tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi yóò ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ó kéré tán, ó sì lè tó ọdún 20, láìní àǹfààní láti san owó ìtanràn dípò rẹ̀, ilé ẹjọ́ sì lè pàṣẹ pé kí ó dá owó olówó padà. Bákan náà, òfin ilẹ̀ wa lórí iṣẹ́ sọ pé ẹni tí ó bá ń gba ènìyàn síṣẹ́ fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ mínísítà tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Kò burú bí ẹni tí ó ń wá iṣẹ́ bá sọ pé kí wọ́n fi ìwé náà han òun.

Olóòtú, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ìwé ìròyìn yín kò pọ̀. Ẹ̀yin náà ń gba ìpolówó ilé àti iṣẹ́. Ẹ má ṣe gba èyí tí kò ní ju nọ́ńbà fóònù kan ṣoṣo lọ, tí kò sọ ọ́fíìsì tí ènìyàn lè rìn dé. Ẹ sì jẹ́ kí ó hàn lókè ojú ewé náà pé ẹnikẹ́ni tí ó bá gba owó lọ́wọ́ òǹkàwé kí ó tó fi ilé hàn án, tàbí kí ó tó fún un ní iṣẹ́, ẹ kò ní gba ìpolówó rẹ̀ mọ́. Ẹ bá wa bi ẹgbẹ́ àwọn àjẹ́ńtì ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó léèrè bóyá wọ́n ṣe tán láti jáwọ́ nínú owó ínsípẹ́kṣọ̀n, kí ẹ sì tẹ èsì wọn jáde, ìbáà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní àdúgbò tiwa, àwa onílé mélòó kan ti fẹnu kò pé àjẹ́ńtì tí ó bá gba owó yẹn lórí ilé wa kò ní bá wa wá ayálégbé mọ́, a sì ti ń kọ nọ́ńbà fóònù tiwa sí ara géètì kí ẹni tí ó bá rí ilé náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lè pè wá kí ó tó san owó fún ẹnikẹ́ni.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Onílé kan ní Aule, Àkúrẹ́.