Àbẹ̀kẹ́, jọ̀ọ́ bá mi pe ẹ̀gbọ́n ẹ

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé òtútù Jámánì ò pọ̀ jù? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ vóìsì nóòtù ẹ ti Sátidé, àárò ẹ ń sọ mí gan-an. Àwọn ọmọ wà, wọ́n ti wọlé súkúù, òrùlé ṣọ́ọ̀bù tí atẹ́gùn ká, a ti tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ obìnrin ará Síríà yẹn ni ò kúrò lọ́kàn mi. O ní ìjọba Jámánì ní kó kọ́ èdè wọn fún wákàtí 600, kó tún fi 100 kọ́ òfin àti ìṣe ìlú, ó sì ń kọ́ ọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń kan ilẹ̀kùn ẹ̀. O wá bi mí pé kí ni màmá ẹ ṣe fáwọn ogunléndé tó wà ní káǹpù Òrù nígbà yẹn. Àbẹ̀kẹ́, ọbẹ̀ ni wọ́n jẹ!

Ṣé o ti gbàgbé? Ọdún 1990 tí wọ́n ṣí káǹpù Òrù fún àwọn tó sá ogun Làìbéríà wá, ọ̀kan nínú wọn, tá à ń pè ní Ìyá Làìbéríà, ń já ewé ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé yín, gbogbo àdúgbò figbe ta pé ewúrẹ́ là ń fún nírú ẹ̀, pé ó fẹ́ fi pa àwọn ọmọ ẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan tá à ń sọ, ó ṣáà ń gún un nínú odó, ó sè é títí ó fi dúdú, ó da epo sí i. Màmá ẹ fa àpótí, wọ́n jókòó, wọ́n ní kó bu tiwọn wá. Gbogbo wa dúró, à ń wo ẹnu wọn. Wọ́n lá ìka, wọ́n ní "iyọ̀ ló kù." Àtọjọ́ náà ni wọ́n ti jọ ń dáná.

Ìdí agbada gàrí ni Ìyá Làìbéríà ti gbọ́ èdè wa. Gàrí ẹ̀ àkọ́kọ́ ò kan, ọmọ Ìjẹ̀bú wo ló máa ra ìyẹn, màmá ẹ ló ní kó máa fi ẹ̀gẹ́ rírin náà sílẹ̀ di ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin. Àmọ́ ìgbà tí wọ́n mú un wọ àjọ, tí wọ́n tún ní kó kọ́kọ́ kó, ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti di tiwa, torí o mọ̀ wá, a ò ní kówó lé ẹni tó lè sá lọ lọ́wọ́. Torí náà má kàn máa fún ará Síríà yẹn ní nǹkan o, jẹ nínú oúnjẹ ẹ̀, fi ọmọ ẹ tì í kóo lọ sí ibi iṣẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì ẹ̀gbọ́n ẹ wá, wọ́n ní kí Ìyá Làìbéríà kó jáde kí oṣù yìí tó parí, àwọn fẹ́ wó yàrá ẹ̀yìn fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Yàrá tí màmá ẹ fún un nígbà tí wọ́n ti káǹpù pa, tí ìjọba fún àwọn tó dúró ní ìwé ìgbélùú gẹ́gẹ́ bí ọmọ ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ilé bàbá wọn ni, mi ò bá wọn jà. Àmọ́ wọ́n sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé ṣebí ogun tó lé e wá ti parí, pé láti 2012 ni àjọ UN ti ní ká má pe àwọn tó sá ogun Làìbéríà ní ogunléndé mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ìyá náà ò fèsì. Nígbà tí mo wọlé tọ̀ ọ́, ó gbé ajọ̀ sórí itan, ó ń jọ gàrí tó ti jọ̀ tẹ́lẹ̀.

Jọ̀ọ́ pè wọ́n, ẹnu ẹ ni wọ́n ń gbọ́. Kí wọ́n fún un di ẹ̀yìn ọdún, mo ti ń wá yàrá ní Àgọ́-Ìwòyè, owó tí wọ́n ń pè pọ̀ ju agbára ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá kọ̀, pálọ̀ mi náà á gbà á. Má sọ pé èmi ni mo sọ fún ẹ o.

Ó ní kí n kí ẹ. Ó ti di gàrí kóńgò méjì sínú ọ̀rá, ó kọ orúkọ ẹ sí i, ó ń bi mí pé ta ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Kó tó di Sọ́ńdè, Àbẹ̀kẹ́, jọ̀ọ́.

Èmi ọ̀rẹ́ ẹ.