Lẹ́tà Ìparí Táàmù Kejì sí Ẹ̀yin Òbí àti Alágbàtọ́: Lẹ́kíṣọ̀ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́jáde lórí Ṣáínà àti Yúróòpù

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó ọmọ, ẹ kú ìfaradà nínú ìlú tó le bí ojú ẹja yìí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Elédùmarè tó jẹ́ ká parí táàmù kejì láìsí òfò, láìsí àdánù. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ ṣiṣẹ́ àṣedànù lórí àwọn ọmọ wa, àmín.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ àwọn tó rọrùn. Èsì ìdánwò ti délẹ̀, ẹ wá gbà á fúnra yín lọ́wọ́ tíṣà kíláàsì, a ò ní fi rán ọmọ. SS3 ti parí mọ́ọ̀kì, Ìṣirò dáa ju ti ọdún tó kọjá lọ, Físíìsì ló kù díẹ̀ káàtó, torí náà lẹ́sìnnì máa wà ní gbogbo Sátidé nínú hólídé yìí, dandan ni. Ilé aláwọ̀ ewé ló gbé ife inter-house, ilé aláwọ̀ pupa ṣe ìkejì, wọn ò sì tíì dárí ji ẹni tó mú aago dání. Bóhóòlù ti ń yọ omi padà. Ẹni tó bá ṣì jẹ owó táàmù kìíní, bọ́sà ní ẹ̀dà orúkọ yín, ẹ má jẹ́ ká débi tí màá ti máa ka orúkọ.

Ó yá, lẹ́kíṣọ̀.

Gbogbo yín lẹ ti rí fọ́ọ̀mù tí mo fi rán àwọn ọmọ wá sílé pé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wa máa ṣe lẹ́kíṣọ̀ wọn ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta táàmù tó ń bọ̀, pé orí àjọṣe Ṣáínà àti Yúróòpù ni ọ̀rọ̀ máa dá lé, àti pé kí ọmọ SS1 àti SS2 kọ̀ọ̀kan mú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà wá. Láti ọjọ́ yẹn ni group WhatsApp PTA ò ti sùn. Mo ń kà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé mi ò sí níbẹ̀, mo wà níbẹ̀. Òbí kan tiẹ̀ wọ ọ́fíìsì bọ́sà wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbá tábìlì tó fi jẹ́ pé tíì tí ọmọbìnrin yẹn ń mu dà sórí ìwé rìsíìtì, ìwé náà ti gbẹ báyìí ó sì ti wú, méjì méjì ni ojú ìwé ẹ̀ ń ṣí pọ̀, tó bá sì ń kọ rìsíìtì fún yín ẹ máa rí àbàwọ́n tíì lórí ẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹni náà, ó mọ ara ẹ̀. Bọ́sà kọ́ ló dá owó lé yín, èmi ni. Ẹni tó bá fẹ́ jà kó wá jà lọ́dọ̀ mi, kó sì kọ́kọ́ kọ orúkọ ní géètì bí gbogbo èèyàn ṣe ń kọ ọ́. Bírú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ẹni náà ò ní wọ inú ọgbà wa mọ́ bí ò bá wá pẹ̀lú alága PTA.

Ẹ ní kí lowó wà fún. Gbọ̀ngàn tiwa la máa lò, a ò háyà ibì kankan. Ẹni tó máa sọ̀rọ̀ ò gba kọ́bọ̀, ọmọ ilé ìwé yìí ni, orí bẹ́ǹṣì tí àwọn ọmọ yín ń jókòó lé lónìí lòun náà jókòó, ó ti ń kọ́ wọn ní ìmọ̀ àjọṣe orílẹ̀-èdè ní yunifásítì kan nílùú Ọba tipẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló sì ń san owó bàálù rẹ̀. Tiyín wà fún àga, fún kánópì torí gbọ̀ngàn ò lè gba gbogbo wa, fún dísù jẹnẹrétọ̀ torí ẹ mọ NEPA, fún projector, fún ìwé pélébé tí a tẹ̀ pẹ̀lú máàpù nínú fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, àti ìrẹsì àti mínírà. Ohun tí àwọn old students dá ju tiyín lọ fíìfíì. Bọ́sà ti lẹ gbogbo ìṣirò náà mọ́ pátákó ìkéde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì ẹ̀, ẹ wá kà á, ẹ má gbá nǹkan kan.

Ti ẹni tó ní ìjọba Ṣáínà ló fún mi lówó, àti ti ẹni tó dá a lóhùn pé rárá o, àwọn Òyìnbó ni, pé wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ kórìíra Ṣáínà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jókòó pọ̀ kẹ́ ẹ fẹnu kò sórí ẹyọ kan, kí n lè mọ ibi tí màá ti lọ gba owó mi.

Ẹ̀sùn kan wà tí mi ò fojú di, òun ni ti àwọn tó ń béèrè pé kí ló kan ọmọ Abẹ́òkúta nínú àjọṣe Ṣáínà àti Yúróòpù nígbà tí JAMB wà nílẹ̀, kí ló dé tá ò pe ẹni tó máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pàsì. Mo fẹ́ dáhùn èyí dáadáa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú yìí, ẹ mọ̀ pé reluwé méjì ló gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Ti àtijọ́, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló là á láti Èkó, ó dé Ìbàdàn ní 1901. Ti ìsinsìnyí, CCECC, ilé iṣẹ́ ìkọ́lé ti Ṣáínà, ló kọ́ ọ, wọ́n ṣí i ní June 2021, ó ń dúró ní Láderin ní ibùdó tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè. Ìwọ̀n àárín irin méjèèjì lórí ti àtijọ́ jẹ́ mílímítà 1067, ti tuntun jẹ́ 1435, ọkọ̀ ti ọ̀kan ò lè rìn lórí èkejì. Ṣé ẹ mọ ibi tí 1435 yẹn ti wá? Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni. Òun ni wọ́n ń lò nílé ara wọn nígbà tí wọ́n ń la èyí tó há fún wa nítorí owó ẹ̀ kéré, ó wá gba ọgọ́fà ọdún kí Ṣáínà tó gbé ìwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì wá bá wa ní Ẹ̀gbá. Owó tí wọ́n fi ṣe é ńkọ́? Exim Bank ti Ṣáínà ló yá Nàìjíríà ní èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Àwọn tó jókòó ní SS1 yìí máa bá wa san nínú ẹ̀. Ẹ wá ń sọ fún mi pé kò kàn wọ́n.

Ẹ bá mi kí kíláàbù ọ̀rọ̀ àgbáyé wa nílé ìwé yìí, kíláàbù tí àwọn kan bú mi nítorí ẹ̀ nígbà tí mo dá a sílẹ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ló kun máàpù ayé sára ògiri ilé ìjẹun pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ tíṣà Fine Art wa tó ń fi hólídé ẹ̀ ṣiṣẹ́, Ọlọ́run á san án fún un, máàpù náà rẹwà débi pé àlejò tó bá wọlé ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ ya fọ́tò. Ní táàmù yìí wọ́n mú òwú pupa, wọ́n fi ìṣó kàn án láti Chongqing ní Ṣáínà, ó gba Kazakhstan, ó gba Rọ́ṣíà àti Belarus, ó gba Poland, ó dé Duisburg ní Jámánì, ojú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tó ń kó ẹrù láti Ṣáínà lọ sí Yúróòpù nìyẹn, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 11,000. Wọ́n lẹ bébà kékeré mọ́ ibi méjì lórí òwú náà. Ní ibodè Ṣáínà àti Kazakhstan, irin ò dọ́gba mọ́, ìwọ̀n àárín ẹ̀ di mílímítà 1520, wọ́n á fi kíréènì gbé kòǹténà kúrò lórí ọkọ̀ kan sórí òmíràn. Tó bá tún dé ibodè Belarus àti Poland, ó padà di 1435, wọ́n á tún gbé e. Ọmọ JSS2 kan tó dúró tì mí wo òwú náà títí, ó ní, "Mà, àwọn náà ò bára wọn sọ ọ́ kí wọ́n tó la tiwọn ni?" Mo fi ìbéèrè yẹn ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀. Ó ní òun lòun máa fi bẹ̀rẹ̀.

Ó ti sọ ibi tí òun máa gbà fún wa. Ó máa mú wọn lọ sí 1793, nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì rán Lord Macartney sí Qianlong, ọba Ṣáínà, pé kó jẹ́ káwọn ṣòwò. Wọ́n ní kó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kó forí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Òyìnbó ní òun ò ṣe, orúnkún kan lòun máa fi kúnlẹ̀ bí òun ṣe ń ṣe fún ọba tòun. Inú kíláàsì Gọ́fúmẹ́ǹtì gbóná lọ́jọ́ tí tíṣà sọ ìtàn yìí, ìdajì ní kò níwà, ẹ sì mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ò ní gbà kí àlejò dé ààfin kó dúró gbagidi. Ẹ̀bẹ̀ òwò náà ò wọlé, Qianlong ní ilẹ̀ òun ò ṣaláìní ohunkóhun. Tíì Ṣáínà sì rèé, Gẹ̀ẹ́sì ò lè ṣe kó má mu ún, fàdákà ni wọ́n fi ń rà á, kí fàdákà wọn má baà tán wọ́n ń gbé ọ́píọ̀mù, oògùn olóró kan, láti Íńdíà lọ tà fún àwọn ará Ṣáínà. Nígbà tí Lin Zexu, òṣìṣẹ́ ọba Ṣáínà, gba ọ́píọ̀mù náà tó bà á jẹ́ ní 1839, ogun dé. Inú ọkọ̀ ogun Cornwallis ni Ṣáínà àti Gẹ̀ẹ́sì ti fọwọ́ síwèé ní ìlú Nanking ní 1842, Hong Kong sì di ti Gẹ̀ẹ́sì títí di 1997. Ní 1861, pẹ̀lú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Prometheus, tó dúró sí ọ̀sà, Dòsùnmú ọba Èkó fọwọ́ síwèé, Èkó di tiwọn. Ọdún mọ́kàndínlógún péré ló wà láàárín ìwé méjèèjì. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa wo ìyẹn dáadáa.

Òbí kan ní a fẹ́ kọ́ ọmọ òun ní ọ̀rọ̀ oògùn olóró. Mà, ẹ fara balẹ̀. Àwọn ọmọ yín mọ kọ̀lóráàdò ju èmi àti ẹ̀yin lọ, ó dáa kí wọ́n gbọ́ pé orílẹ̀-èdè odindi ti ṣubú lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí.

Ó kù, ti ayé òde òní ló pọ̀ jù. Láti 1975 ni Ṣáínà àti àwùjọ Yúróòpù ti ní àjọṣe nílànà ìjọba. Ní 2019, Yúróòpù kọ ọ́ sílẹ̀ pé alábàáṣiṣẹ́ ni Ṣáínà, abánidíje ni, alátakò ni, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí orogún tó ń yá ara wọn níyọ̀. Nígbà tí gbèsè mu Gíríìsì lómi, àwọn tó yá a lówó, tí Yúróòpù fúnra ẹ̀ wà lára wọn, ní kó ta nǹkan ìní ìjọba, COSCO, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ti Ṣáínà, ló ra ìpín tó pọ̀ jù nínú èbúté Piraeus ní 2016, àwọn kan ní Yúróòpù wá ń pariwo. Ní October 2024 Yúróòpù gbé owó ibodè tó tó ìdá 35.3 nínú ọgọ́rùn-ún lé àwọn mọ́tò oníná tó ń ti Ṣáínà wá, yàtọ̀ sí ìdá mẹ́wàá tó ti wà tẹ́lẹ̀. Jámánì dìbò pé òun ò fara mọ́ ọn, torí Volkswagen ti ń ṣe mọ́tò ní Ṣáínà láti àwọn ọdún 1980, ìjà náà máa kan jíjẹ wọn. Ṣáínà kọjú sí ọtí bùráńdì Yúróòpù, Faransé figbe ta. Ọmọ tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń dúnàádúrà báyìí, lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ìwé èbúté tàbí reluwé síwájú ẹ̀ ní Àbújá, á kà á dé ìsàlẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i. A ò mọ ọmọ ta ló máa jẹ́. Ó lè jẹ́ tìẹ tó o gbá tábìlì.

Ohun tí mo ti pinnu rèé o, mi ò sì ní yí i padà. Lẹ́kíṣọ̀ máa wáyé, aago mẹ́wàá sí aago kan, SS3 ò sí níbẹ̀, ìwé WAEC wọn ni wọ́n máa máa kà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ò ní dínkù. Àkáǹtì ilé ìwé ni kẹ́ ẹ san án sí, ẹ má fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá rọrùn fún, kó wá bá mi ní jẹ́ẹ́jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, àwọn old students ti ya owó sọ́tọ̀ fún irú ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó lówó tó kàn ní òun ò san nítorí ìjà WhatsApp, ọmọ ẹ̀ máa jókòó sí láíbìrì lọ́jọ́ náà, á kọ àròkọ ojú ìwé mẹ́ta lórí àkòrí kan náà, mo sì máa máàkì í fúnra mi.

Òbí tó bá fẹ́ wá, ẹ káàbọ̀, a ti ya àga sọ́tọ̀ fún yín lápá òsì. Ẹ pa fóònù. Kò sí aṣọ ẹbí, kò sí olórin, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ ná owó fún olùbánisọ̀rọ̀, lẹ́kíṣọ̀ ni, kì í ṣe ìnáwó òkú.

Ọjọ́ tí a máa wọlé wà lórí ìwé èsì ìdánwò. Irun àwọn ọmọkùnrin gbọ́dọ̀ wà ní gígé, kí àwọn obìnrin di sùkú. Yunifọ́ọ̀mù Ọjọ́bọ̀ yẹn, funfun pátápátá ni, pẹ̀lú sọ́ọ̀kì funfun. Ẹ bá wa kí àwọn ará ilé.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ọmọ títọ́,

Pírínsípà