Sí ẹ̀gbọ́n wa tí bùbá léèsì ò gba apá wọn mọ́

Ẹ̀gbọ́n wa,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A gbọ́ pé ẹ ń lo oògùn HIV yín lónìí, ẹ ń fò ó lọ́la, nítorí pé ẹ ń sanra. Ẹ jẹ́ kí télọ̀ tú bùbá. Oògùn ni kẹ́ ẹ má ṣe fò.

Irọ́ kọ́ lẹ ń pa o. Hóró TLD kan tí ẹ ń gbé mì lójúmọ́, oògùn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: tenofovir 300 mg, lamivudine 300 mg àti dolutegravir 50 mg. Nínú ìwádìí ADVANCE tí wọ́n ṣe ní South Africa, àwọn tó lo àpapọ̀ tó jọ tiyín yìí fi nǹkan bíi kílò 4.3 wúwo sí i láàárín ọ̀sẹ̀ 96. Àwọn tó lo efavirenz, oògùn àtijọ́, fi 2.3. Obìnrin ló sanra jù. Apá kan nínú kílò wọ̀nyẹn, ẹran ara tí HIV, kòkòrò apa-sójà-ara, ti jẹ tẹ́lẹ̀ ló padà wá. Ìyẹn ò burú. Ìyókù ló yẹ ká bójú tó.

Bí ẹ bá dá oògùn dúró, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni kòkòrò sábà máa ń padà sínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá ò sì ní tìtorí ẹ̀ kúrò níkùn. Fífò-lò náà burú: oògùn tí kò kún ojú ìwọ̀n ni kòkòrò fi ń kọ́ bó ṣe máa borí rẹ̀.

A mọ̀ pé ẹ̀rù àtifọn náà ń bà yín. Ẹni tó bá rù lójijì ládùúgbò wa, àwọn èèyàn á ti máa wojú ara wọn. Ẹni tó sanra ni wọ́n ń kí pé ó ń jayé. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń fi ẹ̀bà bo àṣírí. Àwọn tó ń kí yín yẹn ò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín rí.

Ẹ wá okùn. Ẹ bọ́ bàtà, kí ẹnìkan fi wọn yín láti àtàrí dé gìgísẹ̀, kó gé e níbẹ̀. Ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ẹ mí síta, kí ẹ fi yí ikùn ká ní ọ̀gangan ìdodo. Bí orí okùn náà bá kan ìdí okùn, ó dára. Bí kò bá kàn, ọ̀rá inú ikùn ti pọ̀ jù, òun ló sì ń fa àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ju ọ̀rá ìdí àti itan lọ.

A ò ní kẹ́ ẹ má jẹ àmàlà mọ́. Kó tó ìkúùkù yín kan, kì í ṣe mẹ́ta. Kí ẹ̀fọ́ tàbí ilá gba ìdajì abọ́, kí ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òróró gan-an ló ń tàn wá jẹ: ṣíbí ìjẹun kan tó kálórì 120, inú ìgò la sì ń dà á tààrà sí ìkòkò. Ẹ máa fi ṣíbí wọ̀n ọ́n. Mẹ́rin tó fún ọbẹ̀ èèyàn mẹ́rin. Ní ti ohun mímu inú ike, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ fi mẹ́rin pín iye gírámù ṣúgà tí wọ́n kọ síbẹ̀: iye ṣíbí tíì nìyẹn. Ẹ̀rù á bà yín. Bí ẹ bá ń fi ìdajì kílò dín lọ́sẹ̀ kan, ó ti dára. Ẹni tó wọn kílò 80, bó bá dín mẹ́rin péré, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà rẹ̀ á ti máa rọlẹ̀.

Ẹ má ra tíì afọnra inú bọ́ọ̀sì. Ewé senna ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Omi àti ìgbẹ́ ló ń kó jáde, ọ̀rá wà níbi tó wà. Orlistat, oògùn ìfọnra kan, náà lè dí oògùn yín lọ́wọ́ àtiwọ ara. Antacid (oògùn àyà títa), oògùn egungun tó ní calcium, oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní iron: ẹ lo TLD ní wákàtí méjì ṣáájú wọn, tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn wọn. Bí àtọ̀gbẹ bá sì mú kí wọ́n kọ metformin fún yín, ẹ sọ fún dókítà pé TLD lẹ ń lò, torí dolutegravir ń mú kí metformin pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Kò yẹ kí metformin náà ju 1,000 mg lóòjọ́.

Bí ẹ bá ń rù láìjẹ́ pé ẹ dín oúnjẹ kù, tàbí tí ikọ́, ibà tàbí òógùn òru bá bá a rìn, ẹ má dúró de ọjọ́ ìgboògùn. Ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Bí kò bá sí ìkankan nínú wọn, lọ́jọ́ ìgboògùn náà, ẹ ní kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kí wọ́n sì yẹ ṣúgà wò kí ẹ tó jẹun àárọ̀. Ẹ mú okùn yẹn dání.

Àwa àbúrò yín