Àbẹ̀kẹ́, ẹ má kọjá lára Àjàṣẹ́

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ńkọ́? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Mo rí ètò ìrìn àjò Àjíǹde tí o fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Kútọnú lọ́jọ́ Ẹtì, Lómé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Accra lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹ sì ti padà sí Ìbàdàn lálẹ́ ọjọ́ Ajé. Ọmọ mi, ṣé ìlú lẹ fẹ́ lọ wò ni, àbí ẹ̀yìn orí dírẹ́bà? Inú mọ́tò lẹ máa ti lo gbogbo ìsinmi yẹn tán. Ẹnu ibodè nìkan, àlọ àti àbọ̀, á jẹ nínú àsìkò yín ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni kí ẹ mú ìlú kan ṣoṣo, kí ó sì jẹ́ Àjàṣẹ́.

Mo mọ̀ pé o máa ní, "Àjàṣẹ́ kẹ̀, Màámi? Kí ló wà níbẹ̀?" Kútọnú ni ẹ̀yin ọmọ ìwòyí mọ̀, pàápàá láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ère obìnrin ológun gìrìwò yẹn kalẹ̀ ní 2022, tí gbogbo yín ń ya fọ́tò nídìí rẹ̀. Ère náà dára, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́ tí ìwé ń pè ní Porto-Novo gan-an ni olú ìlú orílẹ̀-èdè Benin nínú òfin wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kútọnú ni iṣẹ́ ìjọba pọ̀ sí. Nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Tí ẹ bá sùn sí Àjàṣẹ́, ẹ lè lọ kí ère yín láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ẹ sì padà wá jẹun alẹ́.

Ẹ má gba ibodè Sẹ̀mẹ̀. Ẹ wá sùn sọ́dọ̀ wa ní Ìlaròó lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí ẹ gba Ìdí Ìrókò láàárọ̀ kùtù. Láti ìgbà tí ìjọba ti tún ibodè náà ṣí ní 2022 ni àwa oníṣòwò ti padà sí ọ̀nà ibẹ̀. Ìgòlò lẹ máa já sí lápá ọ̀dọ̀ wọn, lẹ́yìn náà Ìfọ̀nyìn, kí ẹ tó wọ Àjàṣẹ́. Ẹ mú páásípọ́ọ̀tù yín dání, ẹ má fi sílé nítorí pé ẹnì kan sọ fún yín pé ECOWAS ni gbogbo wa. Òótọ́ ni pé a kì í gba físà, ṣùgbọ́n ìwé ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè. Ẹ mú yẹ́lò káàdì náà, ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára yẹn, kí ẹ sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ fún yín ní ìhà méjèèjì. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ fún òun ní nǹkan kí ẹ sì máa lọ láìlu òǹtẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín sí i, kí ẹ dúró síbẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ń bọ̀ wálé lẹ máa mọ ìdí rẹ̀. Lórí owó, ẹ gba CFA, owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀, ní wẹ́wẹ́, ẹ sì kà á lójú ẹni tó ṣẹ́ ẹ fún yín kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀. Ọlọ́kadà wọn, tí wọ́n ń pè ní zémidjan, kì í ní ṣéńjì tí ẹ bá na ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sí i. Kí ẹ dúnàádúrà kí ẹ tó gun ún, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀.

Èdè kò ní dà yín láàmú. Faransé ni ti ọ́fíìsì, Gùn ni ti ilé, ṣùgbọ́n Yorùbá wọlé níbi gbogbo ní Àjàṣẹ́, pàápàá lọ́jà. Ìtàn wọn fúnra wọn sọ pé àwọn ọdẹ Yorùbá ló kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀, tí wọ́n rí òrìṣà kan tó ní orí mẹ́sàn-án tó jáde láti inú òkìtì ọ̀gán. Ojúbọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìlú. Lẹ́yìn náà ni Te-Agbanlin dé láti Alada, ó sì fi ìjọba Gùn kalẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá débẹ̀, ẹ kí ènìyàn dáadáa. Ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ti gbàgbé ìkúnlẹ̀ n'Íbàdàn níbẹ̀ yẹn, ẹ lọ rántí rẹ̀. Ìyá alákàsà tí ẹ bá kí ní "ẹ kú ọjà, Ìyá" á bù fún yín yàtọ̀ sí bó ṣe máa bù fún ẹni tó kàn na ìka sí i.

Ní báyìí, jẹ́ kí n sọ ohun tó mú mi tẹnu mọ́ Àjàṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mọ́ṣáláṣí ńlá wọn ni, nítòsí ọjà. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ ra aṣọ ni mò ń dúró wò ó. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ó ní ilé ìṣọ́ méjì níwájú, wọ́n fi símẹ́ńtì gbẹ́ òdòdó sára ògiri, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà oríṣiríṣi, ọ̀dà náà sì ń bó lọ́tùn-ún lósì. Àwọn Àgùdà tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí ló kọ́ ọ, àwọn ọmọ ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil tí wọ́n sì padà wá. Iṣẹ́ bíríkìlà tí wọ́n kọ́ lára àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Brazil ni wọ́n fi kọ́ ilé ìrun wọn. Ìwọ tó o ti rìn ní Pópó Àgùdà l'Ékòó, tó o sì ti rí mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, wàá mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹ má lọ lọ́jọ́ Ẹtì lásìkò Jímọ̀. Ẹ lọ láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ẹ borí, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn bàbá tó wà lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó yọ fóònù. Lẹ́yìn náà, kí ẹ máa rìn lọ nínú àdúgbò, kí ẹ máa wo àwọn ilé Àgùdà alájà kan tí fèrèsé wọn ga. Àwọn kan ti wó. Ìyẹn ló ń dùn mí jù lọ.

Ààfin Honmè, níbi tí Ọba Toffa ti jọba títí di 1908, wà níbẹ̀ náà. Mùsíọ́ọ̀mù ni wọ́n sọ ọ́ dà. Èkejì ni mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kó ère, ìlù àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sí. Ìwọ tí a mú lọ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní kékeré tó o sunkún, lọ wò ó báyìí tó o ti dàgbà. Ẹ ní kí òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì bá yín pe méjèèjì kí ẹ tó jáde, nítorí pé ọjọ́ Ajé Àjíǹde, ìsinmi ni lọ́dọ̀ wọn.

Ọjà Àjàrá tó wà lẹ́yìn ìlú, ọjà ọrọọrún ni. Ẹ béèrè ọjọ́ rẹ̀ ní kété tí ẹ bá dé, kí ẹ tó pín ọjọ́ yín. Tó bá bọ́ sí àárín ìsinmi yín, ẹ fi gbogbo nǹkan mìíràn sílẹ̀. Ìlù ni wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́, ìlù kéékèèké àti ńláńlá, àti ìkòkò amọ̀, àti àgbo. Ẹ kò ní rí irú rẹ̀ ní Kútọnú.

Fún oúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́ kan, ẹ lọ sí Songhaï. Àlùfáà Kátólíìkì ọmọ Nàìjíríà kan, Godfrey Nzamujo, ló dá oko náà sílẹ̀ ní 1985. Ẹja, adìyẹ, ẹ̀fọ́, omi èso, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ àgbẹ̀. Wọ́n á mú yín yíká tí ẹ bá béèrè. Tí ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Aguégués, àwọn abúlé orí omi, ẹ má wọ ọkọ̀ tí kò bá ní jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Ó máa ṣeé ṣe kí ọlọ́kọ̀ yẹn ní omi ò jìn. Ẹ kàn máa wá ọlọ́kọ̀ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí òru. Tí ẹ bá gbọ́ pé Zangbeto, eégún aṣọ́de àwọn Gùn, tàbí Egúngún ń jáde, tí àwọn obìnrin ilé sì ń wọlé, ẹ̀yin náà ẹ wọlé. Ẹ má ní ẹ fẹ́ ya fídíò. Wọn kì í bá àlejò ṣeré lórí ìyẹn, n kò sì ní lè bá yín bẹ̀bẹ̀ láti Ìlaròó.

Lómé àti Accra ò ní sá lọ. Nígbà ìsinmi tó gùn, ẹ wọ bàálù lọ sí Accra, kí ẹ sùn síbẹ̀ dáadáa.

Bàbá rẹ ní kí o bá òun ra sódàbì kan, ògógóró wọn yẹn, ìgò kékeré. Mo ní kí o má rà á. Ẹ̀yin méjèèjì ẹ yanjú ẹ̀. Tèmi ni ankara tí mo máa fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ; ìyá tó ń tà á jókòó ní ọwọ́ òsì bí ẹ bá ń ti mọ́ṣáláṣí wọ ọjà. Sọ fún un pé ọmọ Ìyá Ìlaròó ni ọ́, kó tó sọ iye rẹ̀ fún ọ.

Èmi ni,
Màmá rẹ