Àyìnkẹ́, pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù tí mo fún ọ

Àyìnkẹ́ ọmọ mi,

Ìwé ni mo kọ, Bọ̀dá Táyé ni mo fi rán, torí n kò mọ ẹni tó ń ka WhatsApp rẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n fi nọ́ńbà rẹ kọ̀wé sí Màmá Ìbàdàn pé kí wọ́n fi ₦40,000 ránṣẹ́ kíákíá. Ẹni náà kò kí wọn, kò béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Ibẹ̀ ni màmá ti mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ. Mo pè ọ́ títí, o ò gbé e. Kí ló dé tí o fẹ́ kó àyà mi já?

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà kan ṣèèṣì wọ fóònù rẹ, tí o sì kà á fún un, ìwọ lo kó WhatsApp rẹ lé e lọ́wọ́. Tún fi nọ́ńbà rẹ wọ WhatsApp, kí o tẹ kóòdù tuntun tó bá wọlé: ojú ẹsẹ̀ ni olè náà yóò já síta. Bó bá ti fi PIN tirẹ̀ sí i, wàá dúró ọjọ́ méje kí o tó ráyè wọlé, ṣùgbọ́n òun náà kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà kí o fi PIN tìrẹ sí Two-step verification inú WhatsApp.

Àmọ́ ímeèlì rẹ ló ń lé oorun lójú mi. Ṣé Ayinke2003 yẹn náà ló ṣì ń ṣí i? Ẹni tó bá ti wọ ímeèlì, yóò kàn máa tẹ "mo ti gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù" kiri ni, inú ímeèlì náà ni kọ́kọ́rọ́ tuntun yóò ti máa bá a. Olè kì í jókòó méfò. Ẹ̀rọ ló ń bá a gbé páásíwọ́ọ̀dù tó ti tú síta kan ilẹ̀kùn gbogbo. Ní 2009, páásíwọ́ọ̀dù tó lé ní mílíọ̀nù 32 ni wọ́n jí ní RockYou, ilé iṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan ní Amẹ́ríkà; 123456 ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n ṣì ń lo àkójọ yẹn dòní.

Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì. Òjò wó ògiri ilé ìdáná, a ó mọ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan ni kí o so pọ̀, bí agbon-sibi-ojo-keke. Má lo èyí tí mo kọ yìí o! Má fi oríkì ṣe é, má fi òwe ṣe é. Ẹnu gbogbo ayé ni wọ́n wà. Gígùn rẹ̀ ló ń dá ẹ̀rọ olè dúró, kì í ṣe @ tí ẹ ń fi rọ́pò a. Ti ímeèlì kò gbọdọ̀ ṣí ibòmíràn. Àwọn yòókù, jẹ́ kí Google Password Manager inú fóònù rẹ máa bá ọ ṣẹ̀dá wọn, kó sì máa rántí wọn. Tan 2-Step Verification ti Google, tó máa ń béèrè ẹ̀rí kejì lẹ́yìn páásíwọ́ọ̀dù, kí o da backup codes mẹ́wàá tí wọ́n bá fún ọ kọ sínú ìwé, àwọn kóòdù tí wàá fi wọlé bí fóònù kò bá sí lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í ṣiṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Fi PIN sí síìmù pẹ̀lú, torí ẹni tó bá jí fóònù yóò yọ síìmù sínú fóònù mìíràn, kóòdù báńkì rẹ á máa wọlé sọ́wọ́ olè náà. Béèrè PIN àkọ́kọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ni líìnì. Bí o bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, síìmù á tì, PUK, kóòdù ìṣísíìmù tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ni líìnì, nìkan ló kù tó lè ṣí i.

Ọmọ mi, ṣé Ayinke2003 ṣì ni? Èmi ni mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé rẹ ní JSS1, èmi ni mo ní kí o máa lo ọ̀kan ṣoṣo níbi gbogbo kí o má bàa gbàgbé. Mo mọ̀ nígbà náà pé kò dára. Ìrọ̀rùn ara mi ni mo wá. Oríkì tí mo fi ń gẹ̀ ọ́ ni mo sọ di kọ́kọ́rọ́ fún olè. Má bínú sí mi.

Owó oúnjẹ rẹ wà lọ́wọ́ mi, n kò ní fi ránṣẹ́ títí n ó fi gbọ́ ohùn rẹ. Gba fóònù Bọ̀dá Táyé, kí o pè mí kó tó kúrò níbẹ̀.

Bàbá rẹ